Àwọ̀ Búlúù Tí Lavonne Fẹ́

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni Lavonne Vavra fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé. Ó wa mẹ́rin gbó, ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án sí lára, ni ọkàn rẹ̀ fà mọ́ jù. Nígbà tí iléèwé tà á ní gbàǹjo, ọkọ rẹ̀, Eldon, ló rà á. Kò kàn dédé rà á o. Láti ọjọ́ tí Renae, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti lọ sílé ọkọ ni tọkọtaya yìí ti ń sọ ọ́ pé bí àwọn bá fẹ̀yìntì, àwọn á sọ bọ́ọ̀sì kan dilé, àwọn á wà á kúrò ní Nebraska títí dé etí òkun ní Oregon. Lavonne kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Bó bá wọ̀tún, àgbàdo, bó bá wòsì, àgbàdo. Ó máa ń sọ pé bí òun bá fi lè kú láìrí omi tó tóbi ju èyí tí màlúù ń mu lọ, kí Eldon má wulẹ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú òun.

Wọ́n ra bọ́ọ̀sì tán ni iyè Lavonne bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi gíláàsì ojú rẹ̀ sí. Ta ni kì í gbàgbé ìyẹn? Lẹ́yìn náà ó gbàgbé orúkọ Renae. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó ń gbàgbé Eldon fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n ti jọ jókòó ní kíláàsì kan náà láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn láti kékeré, kò sí pé ọ̀kan ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí Eldon bá gbé kọfí síwájú rẹ̀ láàárọ̀, á wò ó títí, á ní, "Ẹ ṣeun o, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí?" "Ẹ̀yin" tí ó ń pè é yẹn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ó ń dun Eldon ju bí ìyàwó rẹ̀ bá gbá a létí lọ.

Inú bọ́ọ̀sì nìkan ni ó ti ń padà sí "ìwọ". Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Lavonne á wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á jáde sí àgbàlá, á yí bọ́ọ̀sì po, á máa ta táyà ní ìpá lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ̀ ba wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò, á wá gòkè lọ jókòó sídìí sítíárìn. Eldon ti yọ bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Á bá a wọlé, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Lavonne á gbójú sókè wo dígí gígùn tó fi máa ń ṣọ́ àwọn ọmọ aláriwo.

"Bàbá Renae, jókòó dáadáa. O ti ń sanra jù, o fẹ́ fọ́ àga ìjọba."

"Ta ló ń fi kéèkì bọ́ mi? Ṣebí ìwọ ni."

"Irọ́ burúkú. O máa ń jí i jẹ ni."

Nígbà míì Eldon á dá bátìrì padà, á fi bọ́ọ̀sì náà gbé ìyàwó rẹ̀ yí ká àwọn ọ̀nà oko. Bí wọ́n bá dé ojú irin, ojú irin tí rélùwéè kò gbà mọ́ láti bí ọdún mọ́kànlá, Lavonne á pariwo láti orí àga iwájú, "Dúró! Ṣílẹ̀kùn!" Òfin àwọn tó ń gbé ọmọ iléèwé ni: kí wọ́n dúró, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n fetí sílẹ̀ bóyá ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Eldon á ṣílẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì á dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú àgbàdo. "Ó dáa," Lavonne á ní, "máa lọ, ọkọ mi." Eldon á sì máa lọ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, inú rẹ̀ á dùn títí di ọ̀sán.

Oṣù kẹjọ ni Renae wá bá bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ òun náà.

"Dádì, yàrá kan ti ṣófo nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Wọ́n ní àwọn á fi dè wá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá."

"Fi dè wá? Ta ló ránṣẹ́ sí wọn?"

"Èmi ni. Ẹ ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, Dádì. Wọ́n sì ti pààrọ̀ eegun ìbàdí yín. Bí Mọ́mì bá ṣubú, ta ni yóò gbé wọn?"

"Kí ni ìbàdí mi ṣe ẹ́? Òkun là ń lọ, a ò lọ jó."

Renae rẹ́rìn-ín, ó sunkún díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Bí bọ́ọ̀sì bá parí kí oṣù kẹwàá tó wọlé, tí ìyá rẹ̀ bá sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí wàhálà, òun ò ní sọ nǹkan kan mọ́, kí wọ́n máa lọ sí òkun wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Eldon á tọwọ́ bọ̀wé, ìyá rẹ̀ á sì lọ sí ilé ìtọ́jú. Eldon ní òun gbà. Ó dá a lójú bí àdá pé òun ló máa jàre.

Àwòrán ilé náà ti wà tipẹ́. Lavonne ló yà á nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé, sẹ́yìn ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tí yóò gbé sí. Kò tilẹ̀ ya inú. Ó ní inú ilé kò le, bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù náà ni, ìta ni ayé ń rí. Pákó àtijọ́ láti ara abà bàbá Eldon ni kí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kí wọ́n fi páànù dí fèrèsé mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́yìn, níbi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà, kí aráyé má baà máa wo ìdí àwọn arúgbó; bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn o, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Kí àpótí òdòdó wà lábẹ́ àwọn fèrèsé yòókù. Kí wọ́n tẹ́ pákó sórí òrùlé, kí wọ́n fi irin yí i ká, kí àga méjì wà níbẹ̀ láti máa wo òkun. Kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tó ṣeé ká sókè bí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn-àjò. Apá pupa tó máa ń yọ síta láti dá àwọn mọ́tò dúró bí ọmọ bá ń sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi ṣe tábìlì kọfí. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà sí: "Búlúù, irú ti ilẹ̀kùn ìdáná màámi."

Ẹni tó bá Eldon ṣe é ni Duane Kucera, mẹkáníìkì tó ń tún àwọn bọ́ọ̀sì iléèwé ṣe. Lavonne ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀sì wíwà, òun náà ló sì gba iṣẹ́ awakọ̀ lọ́wọ́ Lavonne nígbà tí màmá fẹ̀yìntì. Gbogbo Sátidé ló ń wá. Wọ́n gé pákó, wọ́n jó irin, wọ́n kan páànù mọ́ ojú fèrèsé. Ọwọ́ Eldon bó, ìbàdí ń ro ó, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́.

"Ọ̀gá, ẹ sinmi díẹ̀. Bí ẹ bá kú sórí òrùlé yìí, èmi ni màmá máa bi léèrè."

"Kò ní bi ẹ́ léèrè. Kò mọ̀ mí."

Duane bá tún iná ìjórin rẹ̀ tàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló kù. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ti sọ fún Eldon tẹ́lẹ̀, "Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ilé, yẹ́lò yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, àti ọ̀rọ̀ iléèwé tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, àti àwọn iná tó ń ṣẹ́jú. Ti àwọn ọmọ iléèwé ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo mọ́tò á máa dúró fún yín káàkiri." Eldon kò jiyàn. Ṣebí ìyàwó òun náà ti ní búlúù lòun fẹ́. Ó wá ilẹ̀kùn ìdáná ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ sínú abà, ó bá a lábẹ́ àwọn àpò, ó ha èérún ọ̀dà kan kúrò lára rẹ̀, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń po ọ̀dà pé kí wọ́n po irú rẹ̀ gan-an.

"Ẹ jẹ́ kí màmá máa wò wá bí a ti ń kùn ún, ọ̀gá," Duane ní. "Kí ojú wọn lè mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀."

"Rárá o. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni."

Ọlọ́run mi, ìyàlẹ́nu! Ọkùnrin tó ti ń rí ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo nǹkan ń yà á lẹ́nu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun ló tún fẹ́ fi ìyàlẹ́nu kún un. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Ó gbé Lavonne lọ sọ́dọ̀ Renae fún ọjọ́ mẹ́rin, òun àti Duane sì fi ọ̀dà búlúù bo bọ́ọ̀sì náà láti òkè délẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, lọ́wọ́ ọ̀sán, Renae gbé ìyá rẹ̀ padà dé. Eldon ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó dúró síwájú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Kí n má parọ́, bọ́ọ̀sì náà dára. Òdòdó pupa ti tanná nínú àwọn àpótí, àga méjì ti wà lókè, tábìlì kọfí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, búlúù náà sì tutù lójú bí omi. Lavonne sọ̀kalẹ̀, ó dúró wò ó.

"Ó mà rẹwà o," ó wí.

Inú Eldon dùn débi pé ó fẹ́ fò sókè. "Ṣé o rí i? Ìwọ lo yà á. Búlúù ilẹ̀kùn màmá ẹ ni."

"Ó rẹwà gan-an, sà. Ẹ kú iṣẹ́." Ó wò kọjá rẹ̀, ó wo àgbàlá yí ká. "Bọ́ọ̀sì mi ńkọ́?"

"Òun nìyí, Lavonne. Bọ́ọ̀sì ẹ nìyí."

"Ẹ má bínú, sà. Bọ́ọ̀sì ni mo sọ, mi ò sọ ilé. Yẹ́lò ni. Ibí yìí ni mo gbé e sí." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Àwọn ọmọ ti ń dúró. Ta ló gbé e? Ẹ̀yin ni àbí?"

Eldon di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fẹ́ mú un gòkè lọ kí ó lè rí sítíárìn. Lavonne já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ní òun kì í wọ ilé onílé, pé ọkùnrin yìí kò mọ òun rí tó fi ń fa òun lọ́wọ́. Renae kọjú sí mọ́tò rẹ̀, ó ń sunkún sí ara dígí. Lavonne wá bọ́ọ̀sì dé inú abà, ó wá a dé ẹ̀yìn ilé, kó tó rẹ̀ ẹ́, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń ní òtútù á ti mú àwọn ọmọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eldon gbé oúnjẹ lọ sínú bọ́ọ̀sì, ó pè é títí, kò gbọ́, kò gbà. Ní Sátidé, níbi tí Eldon gbé ń dín ẹyin, Lavonne ti wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti jáde. Awakọ̀ kan tó ń kó àgbàdo ló rí i lójú títì ńlá, ní máìlì mẹ́rin sílé, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀, wáyà ọgbà màlúù ti ya á lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ó sọ fún awakọ̀ náà pé wọ́n jí bọ́ọ̀sì òun, pé kó jọ̀ọ́ kó bá òun sọ fún àwọn òbí.

Renae dé, kò jágbe. Ká ní ó jágbe ni, ì bá sàn. Òun, Eldon àti Duane jókòó sí ìdáná, Lavonne ti sùn lọ lórí àga.

"Màá dá yẹ́lò ẹ̀ padà," Eldon ní. "Lónìí náà. Duane, lọ wá ọ̀dà wá."

"Ọ̀gá, a ti dí fèrèsé. A ti yọ apá yẹn, a ti kan pákó mọ́ ọn lára. Bí a bá tilẹ̀ kùn ún ní yẹ́lò, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbé e sójú títì. Ẹ ò ní lè dé òkun kankan."

"Ohun tí Lavonne fẹ́ ni mo ṣe! Òun ló kọ ọ́ sílẹ̀! Mi ò fi ti ara mi kún un!"

"Mo mọ̀, Dádì," Renae ní jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n Lavonne tó kọ ọ́ kọ́ lẹ jọ ń gbé nísinsìnyí."

Eldon bojú, ó sunkún bí ọmọdé, kò tilẹ̀ tijú Duane. Ó ń sọ ọ́ láàárín ẹkún pé, "Inú ibẹ̀ nìkan ló ti mọ̀ mí. Inú ibẹ̀ nìkan. Mo sì fi ọwọ́ ara mi kùn ún." Kò sẹ́ni tó lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó dákẹ́, ó ní kí Renae mú ìwé wá, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìtọwọ́bọ̀wé yá, lílọ ló ṣòro. Lavonne kò wọ mọ́tò Renae. Ó fàáké kọ́rí, ó gé Renae jẹ ní apá. Àwọn ilé ìtọ́jú ní kò burú, àwọn á rán nọ́ọ̀sì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á gbé e sùn lọ. Eldon ní kò ṣeé ṣe. Ó ní ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí ọ̀kan kò já bọ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbé e bí àpò àgbàdo. Ó pe Duane. Duane bẹ àwọn ọ̀gá iléèwé, wọ́n gbà fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí Duane ti já àwọn ọmọ sílẹ̀ ní iléèwé tán, ó wa bọ́ọ̀sì iléèwé wọ àgbàlá, yẹ́lò tó ń dán, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ní ìdáná ni Lavonne ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ó gbé kọfí sílẹ̀. Ẹ wá wo obìnrin yìí! Ẹni tí kò mọ ojúmọ́ yàtọ̀ sí alẹ́ láti ọjọ́ márùn-ún, ó dìde ṣánṣán, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó ti ta táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìpá kí Renae tó rí ìgò omi rẹ̀ gbé.

"Duane! O ti pẹ́!"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n wà á lónìí, kí ẹ máa ṣọ́ mi bóyá mo ti gbàgbé."

"O ti gbàgbé. Ojú ẹ jọ ti ẹni tó ti gbàgbé." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gòkè, ó jókòó sórí àga iwájú, ó fi ọwọ́ pa aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kun bọ́ọ̀sì, wọn kò tíì rí ẹ̀rín yẹn.

Eldon ti gbé báàgì ẹrù Lavonne dání. Òun àti Duane ti jọ sọ ọ́: yóò jókòó ti ìyàwó rẹ̀, yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọn óò fi débẹ̀, bóyá nínú yẹ́lò yìí yóò tún pè é ní Bàbá Renae lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wá. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì.

Lavonne na ọwọ́ síwájú. "Ẹ dúró níbẹ̀, sà. Òbí kì í wọ bọ́ọ̀sì."

"Mà," Duane ní, "bàbá yìí..."

"Òfin ni, Duane! Ṣé mi ò kọ́ ẹ ni?" Ó wá kọjú sí Eldon, ó rí omi lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ má sunkún, sà. Gbogbo òbí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ohun tó máa ṣe ọmọ yín lọ́dọ̀ mi. Agogo mẹ́rin, màá ti dá a padà fún yín níbí yìí."

Duane ń wo Eldon, ó ń dúró dè é kó sọ nǹkan kan, kó gòkè wá bó bá fẹ́. Eldon mú ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ó na báàgì náà sókè, Lavonne sì gbà á.

"Ẹ ṣeun, mà," Eldon wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Òtútù máa ń tètè mú un."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Lavonne."

"Háà! Orúkọ mi nìyẹn. A jẹ́ pé a ó mọwọ́ ara wa."

Ilẹ̀kùn pa dé. Bọ́ọ̀sì yí po, ó gba ojú ọ̀nà, Lavonne kò wo ẹ̀yìn nítorí pé iwájú ló ń bá Duane ṣọ́. Renae tan mọ́tò rẹ̀, ó ní kí bàbá òun wọlé kí àwọn tẹ̀ lé wọn. Eldon ní kó máa lọ. Ó gbé àga kan lọ sí etí títì, ó jókòó síbẹ̀, kò sì dìde títí agogo mẹ́rin fi kọjá.